Ogún Obìnrin ní Kaduna: Bí NDA Ṣe Gba Ọmọbìnrin Sójú Ọ̀nà Ajagun

Obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀gágun ní Nàìjíríà kò gba ilé-ẹ̀kọ́ ológun Nigerian Defence Academy (NDA) kọjá. Kò lè gbà á. Dókítà ni Adérónkẹ́ Kale. Ìbàdàn ló ti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ó tún lọ sí London lọ kọ́ ìtọ́jú àrùn ọpọlọ, iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò ti sọ di ohun àmúyangàn nílẹ̀ wa. Ọdún 1972 ló wọṣẹ́ ológun, nígbà tí ọgbẹ́ ogun abẹ́lé kò tíì jinná. Ní 1990 ó di Brigadier General. Ní 1994 ó di Major General, ó sì darí ẹ̀ka ìṣègùn àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀. Kó tó débẹ̀, obìnrin kankan ò dé ipò yẹn rí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọdún 2023 ló dágbére fáyé, lẹ́ni ọdún 84.

Mo bọ̀wọ̀ fún obìnrin yìí gidigidi, ìdí sì nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká wo ibi tí ọ̀nà rẹ̀ parí sí. Oyè ọ̀gágun wà léjìká rẹ̀, ọkùnrin ń dúró ṣánṣán láti kí i, síbẹ̀ kò sí bí wọ́n ṣe lè fi í ṣe olórí àwọn tó ń lọ sójú ogun, ká má tilẹ̀ wá sọ pé kí wọ́n fi í jẹ Ọ̀gá Àgbà àwọn ọmọ ogun. Kì í ṣe pé kò mọṣẹ́. Ibi tó gbà wọlé ni kò já síbẹ̀.

Ẹni tí kò bá gbé nínú bárékè lè má mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà tí ènìyàn gbà wọ iṣẹ́ ológun ló ń sọ ibi tó máa gúnlẹ̀ sí. Àwọn kan ti kàwé gboyè tán kí wọ́n tó wọlé: dókítà, agbẹjọ́rò, nọ́ọ̀sì, onímọ̀ ẹ̀rọ, oníṣirò owó. Wọ́n á gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ oṣù mélòó kan, wọ́n á wọ aṣọ ológun, wọ́n á sì padà sẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n kọ́. Láti ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ti ń gba obìnrin sí ọ̀nà yẹn. Ìtùnú Hotonu, ayàwòrán-ilé tó di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ Rear Admiral nínú àwọn ọmọ ogun ojú omi ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lòun náà tọ̀. Ọ̀nà kejì ni ti àwọn ọ̀dọ́ tó jẹ́ pé kété tí wọ́n bá kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n máa ń forí lé NDA ní Kaduna, tí wọ́n á lo ọdún márùn-ún níbẹ̀, tí wọ́n á jáde bí ajagun. Inú àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ti ń yan ẹni tí yóò darí bàtálíọ̀nù, bìrìgéèdì, dífíṣọ̀n, títí dórí àwọn tó ń jókòó ti Ààrẹ nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ogun. Ọdún 47 gbáko ni ọ̀nà kejì yìí fi jẹ́ ti ọkùnrin nìkan.

Ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 1964 ni wọ́n dá NDA sílẹ̀. Kí ó tó dìgbà yẹn, ilé-ẹ̀kọ́ kan tí àwọn òyìnbó dá sílẹ̀ wà ní Kaduna, Royal Military Forces Training College ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí a gba òmìnira, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí Nigerian Military Training College, ṣùgbọ́n kò ju ibi ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ di ọ́físà ní láti tẹ̀ síwájú sí Teshie ní Ghana, tàbí kó wọkọ̀ lọ sí Sandhurst tàbí Mons ní ìlú ọba. Orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ò ní fẹ́ kí ẹlòmíràn máa kọ́ ọ̀gá ológun fún òun títí ayé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá NDA sílẹ̀. Kádẹ́ẹ̀tì 62 ló wà nínú kọ́ọ̀sì àkọ́kọ́. Àwọn ọ́físà ilẹ̀ Íńdíà ló kọ́kọ́ darí ibẹ̀, Brigadier M. R. Varma sì ni ọ̀gá wọn. Ọdún 1969 ni David Ejoor di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà. Nígbà tó di 1985, àṣẹ jáde pé kí NDA máa fún àwọn kádẹ́ẹ̀tì ní oyè yunifásítì. Láti ìgbà náà ni ẹni tó bá parí níbẹ̀ ti ń mú ìwé ẹ̀rí méjì jáde, ti ológun àti ti ọ̀mọ̀wé. Ibùdó rẹ̀ tuntun wà ní Afaka, lẹ́yìn ìgboro Kaduna.

Bàtálíọ̀nù mẹ́rin ni wọ́n pín àwọn kádẹ́ẹ̀tì sí: Abyssinia, Burma, Dalet àti Mogadishu. Ilẹ̀ òkèèrè tí àwọn bàbá wa ti jagun fún ọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ. Nínú bàtálíọ̀nù wọ̀nyí ni ọmọ ọdún 18 á ti mọ ẹni tó lè fọkàn tán. Wọ́n á jọ sáré láàárọ̀, wọ́n á jọ jìyà nínú igbó, wọ́n á jọ jókòó nínú kíláàsì, wọ́n á sì jọ gba ipò lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀sì kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré láàárín àwọn ológun Nàìjíríà. Títí wọ́n á fi fẹ̀yìn tì ni wọ́n á máa bi ara wọn pé kọ́ọ̀sì wo ni lágbájá, ìdáhùn ìbéèrè yẹn ló sì ń sọ ẹni tó ju ẹni, àti ẹni tí kò gbọdọ̀ gba iwájú ẹni. Obìnrin tí kò sí nínú kọ́ọ̀sì kankan dà bí ẹni tó wọ ilé ẹbí lẹ́yìn tí wọ́n ti pín ogún tán. Ìgbìmọ̀ lè fún un ní oyè. Kò sẹ́ni tó lè fún un ní ọdún márùn-ún tó ti kọjá.

Ìjọba Ààrẹ Goodluck Jonathan ló yí i padà. Ní 2011, ó pàṣẹ pé kí NDA bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọmọbìnrin sí kọ́ọ̀sì àwọn ajagun. Àkókò tí ìjọba ń gbé obìnrin sí àwọn ipò tí wọn ò dé rí ni. Ọdún kejì ni Mariam Aloma Mukhtar di Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà. Ọdún kan náà ni Blessing Liman gba àmì-ẹ̀yẹ awakọ̀ òfurufú, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wa bàálù fún àwọn ọmọ ogun òfurufú. Ní Kaduna, ogún ọmọbìnrin ló wọlé pẹ̀lú Kọ́ọ̀sì 63. Jonathan Queens ni wọ́n ń pè wọ́n, àpèlé náà sì mọ́ wọn lára.

Ogún ènìyàn láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin kò pọ̀. Bẹ́ẹ̀ wọn ò dín ohunkóhun kù fún wọn ju pé ẹni tó bá jẹ́ obìnrin lè ga tó míta 1.65, tí ọkùnrin sì gbọ́dọ̀ tó 1.68. Ìdánwò JAMB kan náà ni wọ́n ṣe, wọ́n ṣe ìdánwò NDA fúnra rẹ̀, wọ́n sì jókòó níwájú ìgbìmọ̀ tó ń yan kádẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà ni ọdún márùn-ún tí kò ní ojú rere bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n yan níwájú gbogbo orílẹ̀-èdè, wọ́n sì di obìnrin àkọ́kọ́ tí NDA kọ́ ní iṣẹ́ ajagun láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Àwọn tó ń tẹ̀ lé wọn kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ àwọn aṣíwájú parẹ́. Nígbà tí Kọ́ọ̀sì 65 ń jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, ọmọbìnrin kan ló gba ẹ̀bùn fàdákà, èyí tó túmọ̀ sí pé nínú gbogbo àwọn tó jáde lọ́jọ́ náà, ọkùnrin àtobìnrin, ẹnì kan ṣoṣo ló ṣáájú rẹ̀. Ọdún méje péré lẹ́yìn tí àṣẹ Ààrẹ jáde ni o. Ẹni tó bá ní ọpọlọ obìnrin tàbí ẹsẹ̀ obìnrin ò ní gbé iṣẹ́ náà, kó wá sọ bí èyí ṣe rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2019, àwọn ọmọ ogun òfurufú fi àmì-ẹ̀yẹ awakọ̀ kan àwọn ọ̀dọ́ obìnrin méjì láyà. Kafayat Ọmọ́lará Sanni, tó ti lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, di obìnrin àkọ́kọ́ tó ń wa bàálù ajagun ní Nàìjíríà. Èkejì ni Tolúlọpẹ́ Arótilé, obìnrin àkọ́kọ́ tó ń wa hẹlikọ́pítà ogun.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Arótilé, nítorí pé ìgbésí ayé rẹ̀ fi hàn kedere bí ilé-iṣẹ́ kan ṣe ń kọ́ ènìyàn láti kékeré. Ọmọ Ìffẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìjùmú ni, láàárín àwọn Yorùbá Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, ṣùgbọ́n Kaduna ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 1995. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àwọn ọmọ ogun òfurufú ló lọ, ó sì tẹ̀ síwájú sí ilé-ẹ̀kọ́ girama wọn nílùú kan náà. Ó wọ NDA ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012 pẹ̀lú Kọ́ọ̀sì 64. Ìmọ̀ ìṣirò ló kà. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017 ó gba ipò Pilot Officer. Láti ibẹ̀ wọ́n rán an lọ sí South Africa, ó kọ́ hẹlikọ́pítà wíwà títí tó fi gba ìwé àṣẹ awakọ̀, wọ́n tún rán an lọ sí Ítálì láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi Agusta 109 Power jagun. Kò sí ìpele kan nínú gbogbo rẹ̀ tí ẹnì kan ò ti ná owó, tí olùkọ́ kan ò ti lo àkókò, tí ọ̀gá kan ò ti buwọ́ lùwé pé kí ọmọ yìí máa lọ.

Nígbà tí ìjọba ra Agusta 109 tuntun, Arótilé ni wọ́n ní kó fi í han Ààrẹ Muhammadu Buhari ní Eagle Square ní Abuja, ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2020. Àwòrán ọjọ́ náà wà káàkiri: ọmọbìnrin kékeré tó dúró ṣinṣin nínú aṣọ awakọ̀, tó ń ṣàlàyé fún olórí orílẹ̀-èdè. Kì í ṣe fún ayẹyẹ nìkan ni wọ́n kọ́ ọ. Ó ti wà lára àwọn tí wọ́n rán lọ sí Minna ní ìpínlẹ̀ Niger, nínú iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Gama Aiki, láti bá àwọn agbébọn tó sọ igbó ibẹ̀ di ibùgbé jà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2020, nínú bárékè àwọn ọmọ ogun òfurufú ní Kaduna, ọkọ̀ ẹnì kan tí wọ́n jọ lọ sílé-ẹ̀kọ́ fẹ̀yìn rìn gbá a. Ó kú lẹ́ni ọdún 24. Ọjọ́ 23 oṣù náà ni wọ́n sin ín sí ibi ìsìnkú àwọn ológun ní Abuja pẹ̀lú gbogbo ẹ̀yẹ tó tọ́ sí ajagun. Ọ̀pọ̀ òbí tí kò gbọ́ orúkọ NDA mọ́ ọmọbìnrin rí, ọjọ́ tí wọ́n sunkún Tolúlọpẹ́ ni wọ́n mọ̀ pé ó ṣeé ṣe.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sunkún ò mọ̀ ni pé díẹ̀ ló kù kí ọ̀nà náà dí nígbà tí kò tíì pé oṣù méjì tí Arótilé gba ipò. Ní ìparí ọdún 2017, àwọn ìwé ìròyìn gbé e jáde pé nínú àtúnyẹ̀wò tí wọ́n ṣe sí ìlànà iṣẹ́ àwọn ọ́físà, wọ́n dábàá pé kí NDA dẹ́kun gbígba ọmọbìnrin sí kọ́ọ̀sì àwọn ajagun. Ìròyìn náà ní ẹ̀rù ń ba àwọn kan pé bó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí obìnrin yóò di ọ̀gá tó ń pàṣẹ fún gbogbo ọmọ ogun. Kò sẹ́ni tó sọ pé àwọn ọmọbìnrin náà kò mọ ìwé. Kò sẹ́ni tó ní wọn ò lè sáré, tàbí pé wọ́n sá lójú ogun. Pé wọ́n lè ṣe é débi tó ga jù ni ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n.

Ó dùn mí láti rí i pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ní orílẹ̀-èdè tí a wà yìí, ní ẹkùn ayé yìí gan-an. Àwọn Ẹ̀gbá mọ̀ dáadáa bí ọwọ́ obìnrin ajagun ṣe ń rí. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1851, ọmọ ogun Gẹ̀zó ọba Dahomey kọlu odi Abẹ́òkúta ní apá Arò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin sì wà lára wọn. Àwọn ará ìlú ò tètè mọ̀ pé obìnrin ni wọ́n ń bá jà. Nígbà tí wọ́n mọ̀, inú bí wọn gan-an. Ní 1864, ọmọ Gẹ̀zó tó ń jẹ́ Glele tún padà wá, wọ́n sì tún lé e. Nínú ìjà kejì yìí, Ẹfúnróyè Tinúbú ló ń wá ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn Ẹ̀gbá, ohun tó sì ṣe náà ni wọ́n fi fi í jẹ Ìyálóde. Ní Ìbàdàn, Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà ní ọmọ ogun tirẹ̀, ó sì ń ta ohun ìjà láwìn fún àwọn balógun. Obìnrin ló jagun ní ẹ̀yìn odi, obìnrin ló dìhámọ́ra fáwọn tó wà nínú odi. Ẹni tó bá ní àṣà wa ni kò gbà, kó ka ìtàn ìlú wa.

Àwọn ẹgbẹ́ obìnrin pariwo lórí àbá ọdún 2017 náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn bá wọn dá sí i, NDA sì ń bá a lọ láti máa gba ọmọbìnrin. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù 2017 kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ tí n kò lè gbàgbé, òun gan-an ni mo sì fẹ́ kí òǹkàwé bá mi gbé yẹ̀wò. Ọ̀rọ̀ ẹnu Ààrẹ kan ló mú ogún ọmọbìnrin wọlé. Ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu bá kọ́, ìlànà kan tí wọ́n buwọ́ lù nínú yàrá lè wó o. Kì bá tí ṣòro fún ìgbìmọ̀ kan láti pa á rẹ́, kò sì sí ibi tí àwọn ọmọbìnrin náà máa mú ẹjọ́ wọn lọ tí yóò dájú.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé òfin 1999. Abala 42 rẹ̀ sọ pé wọn ò gbọdọ̀ fìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà nítorí ẹ̀yà, ibi tó ti wá, ẹ̀sìn, èrò rẹ̀ lórí òṣèlú tàbí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ìsàlẹ̀ abala kan náà, ẹ ó rí i pé ó yọ àwọn kan sẹ́yìn: òfin tó bá gbé ìdíwọ̀n kalẹ̀ lórí ẹni tí wọ́n lè yàn sínú iṣẹ́ ológun tàbí ọlọ́pàá, abala náà kò ní fagi lé e nítorí ìyẹn nìkan. Ibi tó yẹ kó di obìnrin mú, ibẹ̀ gan-an ló ti tú u sílẹ̀.

Mo sábà máa ń fi èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n jiyàn lórí ọ̀rọ̀ náà gidigidi, àwọn ọ̀gágun tó gbajúmọ̀ takò ó, ṣùgbọ́n ilé aṣòfin ló parí rẹ̀. Ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 1975 ni Ààrẹ Gerald Ford buwọ́ lu òfin tó ní kí ilé-ẹ̀kọ́ ológun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa gba obìnrin. Ọdún tó tẹ̀ lé e, obìnrin 119 wọ West Point, 81 wọ Annapolis, 157 wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun òfurufú ní Colorado. Nígbà tí àwọn ti West Point jáde ní 1980, 62 ló kù. Ìdajì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìgbìmọ̀ tó lè tìtorí ìyẹn dá ọ̀rọ̀ náà dúró, nítorí òfin ni. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n wádìí. Project Athena ni orúkọ ìwádìí tí West Point ṣe láti 1976, wọ́n tẹ̀ lé àwọn obìnrin náà lọ́dọọdún kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣubú àti ohun tó ń ṣubú lù wọ́n. Bàtà tí wọ́n rán fún ẹsẹ̀ ọkùnrin wà lára rẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí wọ́n ṣe tó wù mí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Láàárín àwọn ọdún àkọ́kọ́ yẹn ni wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ nínú West Point fún àwọn kádẹ́ẹ̀tì obìnrin, wọ́n sì fi Margaret Corbin sọ orí rẹ̀. Obìnrin ọmọ ìpínlẹ̀ Pennsylvania ni Corbin. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 1776, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọlu Fort Washington ní New York, wọ́n pa ọkọ rẹ̀ lẹ́bàá ìbọn ńlá tó ń yìn. Ó dúró sípò ọkọ rẹ̀, ó ń yìnbọn náà títí tí wọ́n fi ṣe é léṣe. Ní 1779, ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ náà fún un ní ìdajì owó oṣù sọ́jà. Ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni àwọn kádẹ́ẹ̀tì obìnrin fi ń pàdé àwọn ọ́físà obìnrin tó ti ṣáájú wọn, tí wọ́n á gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ti kọjá níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń darí ọkùnrin, bí wọ́n ṣe ń bímọ láìfiṣẹ́ sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fẹ̀sùn kan ọ̀gá tó bá ṣàṣejù. Lọ́dún 1989, Kristin Baker di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ olórí gbogbo kádẹ́ẹ̀tì West Point. Ní 2017, ipò náà bọ́ sọ́wọ́ Simone Askew, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀.

N kò fi Amẹ́ríkà ṣe àwòkọ nínú ohun gbogbo o. Ọdún 2015 ni wọ́n tó ṣí gbogbo iṣẹ́ ogun sílẹ̀ fún obìnrin, ó sì di 2016 kí wọ́n tó ní kí obìnrin West Point máa kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn bíi ti ọkùnrin. Ní ti èyí, Nàìjíríà yá ju wọn lọ, nítorí ọjọ́ tí àwọn ogún ọmọbìnrin Kaduna wọlé gan-an ni wọ́n ti wọlé gẹ́gẹ́ bí ajagun. Ohun tí Amẹ́ríkà ní tí àwa ò ní ni òfin lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn àti àwọn tó ń dúró tì wọ́n. Kádẹ́ẹ̀tì obìnrin tó wọ NDA ní 2011 kò rí obìnrin kan tó ti ṣe kádẹ́ẹ̀tì kọ́ọ̀sì àwọn ajagun rí, tí ì bá gbà á nímọ̀ràn. Kò sí. Àwọn fúnra wọn ni yóò di ẹni bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀, ẹrù ńlá ni fún ọmọ ọdún 18.

Ní báyìí, ẹrù náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ rán sọ́jà obìnrin 300 lọ sójú ọ̀nà Kaduna sí Abuja tí àwọn ajínigbé ti sọ di ibi ẹ̀rù. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n ká kó obìnrin jọ sójú kan ká rán wọn níṣẹ́, ìyẹn kò tíì tó ká fi obìnrin ṣe ọ̀gá lórí ọkùnrin àti obìnrin papọ̀. NDA ni ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ti ìkejì yìí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, Princess Oluchukwu Owowoh, tó ti kọ́kọ́ wọ NDA kí wọ́n tó yàn án lọ sókè òkun, di obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jáde ní Sandhurst. Ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ọkùnrin wa ti ń lọ kí NDA tó wà rárá ni o. Wọ́n rí ẹni rán nítorí pé ẹnì kan ti wà ní Kaduna tó yẹ láti rán.

Ohun tó kù ni kí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ kọ ọ́ sínú òfin tó ń darí NDA pé ọmọbìnrin tó bá yege gbọ́dọ̀ ráyè wọ kọ́ọ̀sì àwọn ajagun, kó má ṣe jẹ́ ohun tí ìjọba kan ń fún ni, tí òmíràn lè gbà padà. Kò gbọdọ̀ pẹ́, nítorí iṣẹ́ ológun kì í yára. Taoreed Lagbaja, ọmọ Ìlobùú ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, wọ NDA ní 1987, ó gba ipò ọ́físà ní 1992, ó di Ọ̀gá Àgbà àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ ní 2023. Ọdún 31 ni láti ìgbà tó gba ipò. Bí ẹnì kan nínú àwọn ogún tó jáde ní 2016 bá lo iye ọdún kan náà, ó di 2047 kó tó lè débẹ̀. Òfin ìfẹ̀yìntì lẹ́yìn ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ yóò sì ní kí wọ́n máa lọ ní 2051. Ọdún mẹ́rin péré ló wà láàárín. Láti ìsinsìnyí títí dìgbà náà, ọ̀pọ̀ ìjọba ni yóò wá, ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ni yóò jókòó, ìkọ̀ọ̀kan wọn ló sì lè tún ọ̀rọ̀ ọdún 2017 gbé sórí tábìlì bí kò bá sí òfin tó dá wọn lẹ́kun.